Ẹ̀kọ́ Nínú Ẹ̀kọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ògì Ọ̀sẹ̀ Kan Kọ́ Àwọn Ọmọ Nílé

Kóńgò àgbàdo méjì, aṣọ asẹ́ kan, igò mẹ́ta tó mọ́ gaara, síkéèlì ilé ìdáná, rúlà, àti ìwé ìkọ̀wé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti ní ìwọ̀nyí, ẹ lè kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún 4 sí ọdún 12 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, èdè Yorùbá àti ìtàn láti ọjọ́ Ajé títí di àárọ̀ Àbámẹ́ta. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta yẹn, gbogbo ilé á jọ fi àkàrà mu iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà.

Ògì dára fún irú ẹ̀kọ́ báyìí nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ojoojúmọ́ ni nǹkan ń yí padà nínú ọpọ́n, ọmọ á fojú rí i, á fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọmọ ọdún 4 àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 11 lè jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣẹ́ kálukú sì bá orí rẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé ló máa ń gbé tábìlì àti pátákó kalẹ̀ bíi ti iléèwé, kí oṣù tó parí ó ti sú tìyá tọmọ.

Ìlànà kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: ohun tí ọmọ bá lè wọ̀n, òun ni kó wọ̀n ọ́n; ohun tó bá sì wọ̀n, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ògì tí a kò wọ̀n, tí a kò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, oúnjẹ nìkan ni.

Ọjọ́ Ajé: ìpalẹ̀mọ́

Ìdajì wákàtí ti tó. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fa ìlà sí ojú ewé ìwé rẹ̀ kó lè pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́ àti aago, ohun tí mo wọ̀n, ohun tí mo rí, ohun tó rú mi lójú. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kọ á ya àwòrán, ẹ ó bá a kọ ọ̀rọ̀ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ “ẹ̀kọ” àti “ẹ̀kọ́” síwájú wọn. Ọ̀kan là ń mu, èkejì là ń kọ́, àmì orí lẹ́tà ìgbẹ̀yìn nìkan ló yà wọ́n. Ẹ fi “igba” tẹ̀ lé e: igba ni 200, igbá la fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà sì ni okùn tí wọ́n hun, tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu pípadé kùn ún bí ẹni ń lù gángan kí wọ́n tó kọ ọ́. Ọmọ tó bá ti lè kùn ún kì í ṣòro fún láti mọ ibi tí àmì ń lọ.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà: kọ́ọ̀pù ẹ̀kọ mélòó lẹ rò pé ó máa jáde nínú kóńgò àgbàdo méjì? Kí kálukú kọ iye tó bá mú sílẹ̀, kí bàbá àti ìyá náà kọ tiwọn. Ẹ kò ní yẹ̀ ẹ́ wò títí di Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ọjà àti rírẹ àgbàdo

Ẹ tètè jáde, ó pẹ́ tán kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti bá yín lọ́jà, kí oòrùn tó mú, kí èrò tó pọ̀. Bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn, ẹ lè lọ sí Bódìjà, ṣùgbọ́n ọjàkọ́jà tí wọ́n bá ti ń fi kóńgò ta ọkà ló dára. Àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ mú ju ọmọ mẹ́ta lọ. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ọrùn ọwọ́ ọmọ tó bá kéré, ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka fún wọn, ẹ sì gbé omi mímu dání.

Ẹ pín iṣẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Àbúrò á máa ka ìsọ̀ tí ẹ bá kọjá. Ọmọ ọdún 6 sí 8 ló máa kí oníṣòwò tó sì máa bèèrè owó: “Ẹ kú ọjà o, mà. Èló lẹ̀ ń ta kóńgò kan?” Ìsọ̀ mẹ́ta ni kó ti bèèrè, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n tó ti lé ní ọdún 9 ló máa mú owó lọ́wọ́, tí á ná ọjà, tí á sì ṣírò ṣéńjì kí oníṣòwò tó kà á. Òun náà ló máa tọrọ ènì. Ìṣirò wà nínú ènì: bí ènì bá tó ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin, tí kóńgò kan sì gba ẹ̀kúnwọ́ ogún, ìdá mélòó kóńgò ni wọ́n fi tọ́ wa?

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: ọmọ á ṣì í pè, tàbí kó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣírò ṣéńjì, ojú á ti òbí níwájú èrò, á sì gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ẹ dúró. Oníṣòwò tó bá mọ̀ pé ọmọ ń kọ́ṣẹ́ máa ń ní sùúrù ju bí ẹ ṣe rò lọ, bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún un. Tí oníbàárà bá pọ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò náà, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ má dí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń yan àgbàdo, funfun tàbí pupa ló dára, ṣùgbọ́n kí ọmọ mú ẹ̀kúnwọ́ kan kó wò ó dáadáa. Ihò kékeré lára hóró túmọ̀ sí pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Èyí tó ní funfun bíi òwú tàbí àwọ̀ ewé lórí ti bu, ẹ má rà á rárá, nítorí májèlé inú èébu kì í kú sínú iná. Kó fi eyín gé hóró kan: èyí tó gbẹ dáadáa á dún káká. Ẹ tún kọ́ ọmọ láti yẹ ìdí kóńgò wò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, torí kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọnú kì í gba tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ra odidi àgbàdo kan tó ṣì wà nínú háhá pẹ̀lú, tí ẹ bá rí i.

Bí ẹ bá délé, síkéèlì ló kàn. Kóńgò kan sábà máa ń wọn bíi kílò kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí, kí omi tútù bò ó mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ìbú ìka mẹ́rin. Àgbàdo á mu omi, á sì wú. Bí omi bá kéré jù, èyí tó wà lókè á yọ sí atẹ́gùn, ibẹ̀ ni èébu ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ rẹ ẹ́ sílẹ̀. Ká ní aago 11 àárọ̀ ni.

Ẹ ya kọ́ọ̀pù àgbàdo kan ààbọ̀ sọ́tọ̀ fún igò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdajì kọ́ọ̀pù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú omi kọ́ọ̀pù kan. Igò kìíní á wà lórí tábìlì. Ìkejì á wọ fíríìjì. Àgbàdo igò kẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó tutù kí ẹ tó dé e pa. Ẹ má sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀: wíwò, gbígbóòórùn, kíkà

Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni kí ẹ máa yí omi inú ike ńlá padà. Omi inú àwọn igò ni kí ẹ má yí padà. Ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí ọmọ gbé igò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan, kó kọ ohun tó rí: àwọ̀ omi, ìfófòó, òórùn. Igò orí tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, á sì máa kan. Ti inú fíríìjì á dà bíi pé nǹkan kan kò ṣe é. Èyí tí ẹ bọ̀ kì í kan bíi ti àkọ́kọ́, ó sì lè rà kó máa rùn, torí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

Kí ló fà á? Kòkòrò àìfojúrí ti wà lára àgbàdo láti oko. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á máa jẹ ṣúgà inú àgbàdo, wọ́n á sì sọ ọ́ di ásíìdì, òun ló ń mú kó kan. Ásíìdì yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ráyè. Òtútù fíríìjì mú kí wọ́n rọra, iná sì ti pa wọ́n nínú igò kẹta, ló fi jẹ́ pé kòkòrò mìíràn ló lè wá gba ibẹ̀. Ọmọ tó bá rí igò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò nílò àlàyé gígùn.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí ásíìdì náà, ẹ da ìdajì kọ́ọ̀pù omi gbígbóná lé ìṣapá pupa gbígbẹ márùn-ún, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Nígbà tó bá tutù, ẹ kán ṣíbí kékeré kan sínú kọ́ọ̀pù mẹ́ta: omi lásán, omi àgbàdo láti inú igò kìíní, àti omi eérú tó ti tòrò. Omi àgbàdo á pọ́n dẹ̀dẹ̀. Omi eérú á yí sí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró. Àgbà ni kó di omi eérú mú o, ó ń ta ojú.

Wákàtí rírẹ náà ni ẹ ó fi kọ́ wọn ní kíkà Yorùbá, kò sì sí ibi tó tún rọrùn tó báyìí. Lọ́jọ́rú, wákàtí 24 pé: mẹ́rìnlélógún, mẹ́rin lé lórí ogún. Lọ́jọ́bọ̀, 48: méjìdínláàádọ́ta, ìyẹn àádọ́ta tí a yọ méjì nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, 72: méjìléláàádọ́rin. Ẹ wá bi wọ́n pé, kí ló dé tí 24 fi jẹ́ “lé”, tí 48 sì jẹ́ “dín”? Ẹ kó hóró àgbàdo sílẹ̀ kí wọ́n tò ó ní ogún-ogún. Òkìtì mẹ́ta jẹ́ ọgọ́ta, mẹ́rin jẹ́ ọgọ́rin. Mú mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta, àádọ́ta ló kù; mú mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rin, ó di àádọ́rin. Láti ọ̀kan sí mẹ́rin ni a ń fi lé e, láti márùn-ún lọ sókè a ó ti máa wo iye tó wà níwájú, a ó sì dín in. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ti tó fún ọmọ kékeré lójúmọ́. Bó bá ti ń yán, ẹ kó hóró kúrò nílẹ̀.

Ọjọ́ ọjà náà wà níbẹ̀. Ọjà ọrọọrún máa ń pé lọ́jọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n òní wà nínú kíkà: Ìṣẹ́gun kan, Ọjọ́rú méjì, Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta, Ẹtì mẹ́rin, Àbámẹ́ta márùn-ún. Láti ọjọ́ tí ẹ ra àgbàdo sí ọjọ́ tí ẹ máa mu ẹ̀kọ, ọrún kan gééré ni. Ọmọ tó ti mọ ìṣirò ìwé á jiyàn pé ọjọ́ mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ kí ó jiyàn, kí ó sì fi kàlẹ́ńdà ṣàlàyé ibi tí ọ̀kan tó lé ti wá.

Odidi àgbàdo yẹn ńkọ́? Àwọn àgbà máa ń fi í wúre pé ìhòòhò ni àgbàdo wọlẹ̀, igba aṣọ àti igba ọmọ ló kó bọ̀. Kí wọ́n bó háhá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì ka ìlà hóró tó yí i ká. Ìlà náà máa ń jẹ́ iye tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi 12, 14 tàbí 16, torí pé méjì-méjì ni hóró ń jáde. Ka hóró inú ìlà kan, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìlà, kí ẹ wá wò ó bóyá igba ọmọ pé. Ó sábà máa ń lé. Háhá kì í sì í pé igba láéláé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún wọn pé “igba” inú ìwúre, ọ̀pọ̀ yanturu ló ń jẹ́.

Tí àyè bá wà, ẹ mú àwòrán ayé jáde. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti ṣẹ̀ wá, nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò Potogí dé etíkun wa. Ọkà bàbà ti wà lọ́dọ̀ wa ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, oúnjẹ náà bá wọn lọ: ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹ́ acaçá, àkàrà sì ń jẹ́ acarajé títí di òní. Kí ọmọ fi òwú so Èkó mọ́ Bahia lórí àwòrán náà.

Ọjọ́ Ẹtì: ẹ̀rọ àti asẹ́

Ẹ kọ́kọ́ tún àgbàdo wọ̀n kí ẹ tó gbé e jáde, lẹ́yìn tí omi bá ti ro kúrò lára rẹ̀. Ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí kó tó ìdajì pàápàá, wúwo ju ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. Omi tó mu ni ìyàtọ̀ náà.

Lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n lọ̀ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ata, ẹ ní kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kọ́kọ́ lọ ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan dànù. Ògì tó bá ní ata nínú, ọmọ kékeré kò ní mu ún. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ léwu: ìborùn, ìró àti irun gígùn ni kí ẹ ti dì mọ́ra nílé, kí àwọn ọmọ sì dúró níbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ pé bùlẹ́ńdà lẹ fẹ́ lò, ìdajì kọ́ọ̀pù àgbàdo pẹ̀lú ìdajì kọ́ọ̀pù omi lẹ́ẹ̀kan, kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kó sì sinmi. Àìsinmi ló máa ń jó mọ́tò rẹ̀.

Iṣẹ́ sísẹ́ jẹ́ ti àwọn ọmọ pátápátá. Ẹ na aṣọ asẹ́ sórí ọpọ́n ńlá, ẹ so etí rẹ̀ dáadáa kó má baà já sínú. Ife kan ògì lílọ̀, ife méjì omi, kí wọ́n fọwọ́ rò ó títí omi tó ń kán yóò fi mọ́, kí wọ́n tó fún èèrí kúrò. Ẹni tó bá da púpọ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan, aṣọ á dí, á sì fẹ́ fipá tẹ̀ ẹ́, èèrí á wá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ògì tí ń ha ọ̀fun, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ wọn èèrí, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tó ní ewúrẹ́ tàbí adìyẹ.

Kí ẹ̀gbọ́n bu omi ògì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ sínú igò kan, kó lẹ rúlà mọ́ ara rẹ̀. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fún wákàtí mẹ́ta, kó kọ bí omi tó mọ́ lókè ṣe ga tó. Lẹ́yìn náà kó ya á bí ìlà lórí ìwé alápótí: aago nísàlẹ̀, gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà náà á kọ́kọ́ sáré gòkè kí ó tó máa rọra. Omi tútù kò lè yọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí ògì fi ń silẹ̀.

Lálẹ́, ẹ rọra da omidún orí ọpọ́n ńlá kúrò, ẹ bu omi tuntun lé e.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta: sísè àti ìṣirò owó

Fún ìpín kan: ògì tó ti silẹ̀ dáadáa, tó tó ìkúùkù àgbà (nǹkan bíi gíráàmù 200), ìdajì kọ́ọ̀pù omi tútù, kọ́ọ̀pù mẹ́ta omi tó ń hó. Ọmọ á fi omi tútù po ògì títí kò fi ní kókó mọ́. Àgbà ló máa da omi gbígbóná, ọmọ á sì máa ro ó pẹ̀lú ṣíbí onígi tó gùn. Ẹ gbé e padà sórí iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì.

Bí ẹ̀kọ kò bá dì, omi kò hó dáadáa ni, tàbí ẹ gbé e sílẹ̀ pẹ́ kí ẹ tó dà á: ìyẹ̀fun àgbàdo nílò ooru tó sún mọ́ 70 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius kó tó wú, kó sì ki, ògì tútù sì ti dín ooru omi náà kù. Bó bá ní kókó, wọn kò fi omi tútù pò ó kúnná ni.

Ẹ ka kọ́ọ̀pù tó jáde nínú ìpín kan, ẹ wọn gbogbo ògì tó kù, kí ẹ̀gbọ́n ṣírò iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Ẹ wo èrò ọjọ́ Ajé; ọ̀pọ̀ ni kì í mú un tó. Ká ní àgbàdo jẹ́ ₦3,000, ẹlẹ́rọ sì gba ₦500, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ kọ́ọ̀pù 70: àádọ́ta náírà ni kọ́ọ̀pù kan kí a tó ka gáàsì àti ṣúgà. Kí wọ́n fi wé iye tí ẹlẹ́kọ àdúgbò ń tà á, kí wọ́n sì sọ ohun tí ẹlẹ́kọ fi owó tó lé yẹn ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan fún ilé tó ní ọmọ ọwọ́: ògì nìkan kò ní èròjà tó ń mú ara dàgbà tó. Ẹ fi wàrà, ẹ̀wà sóyà lílọ̀ tàbí edé lílọ̀ sí i. Àkàrà tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń fi mu tiwọn ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ògì tó ṣẹ́kù lè wà nínú fíríìjì, tàbí nínú omi tí ẹ ń yí padà lójoojúmọ́. Bí àwọ̀ dúdú, àwọ̀ ewé tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú bá yọ lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dànù, ẹ má ha orí rẹ̀ kúrò.

Ìwé wọn

Ẹ má ju ìwé wọ̀nyẹn nù. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ní Nàìjíríà sọ ọ́ di dandan kí òbí rí i pé ọmọ gba ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré. Àkọsílẹ̀ tó ní ọjọ́ lórí ni ẹ̀rí yín bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, tàbí bí ọmọ bá fẹ́ wọ iléèwé lọ́la. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà: ọkà bàbà dípò àgbàdo, tàbí wákàtí 48 dípò 72. Tí ẹ bá yí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí adùn rẹ̀ sì yàtọ̀, àwọn ọmọ kò ní mọ èyí tó fà á. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè tó wà ní ọ̀nà kẹrin ìwé wọn yan èyí tí ẹ máa yí.